Ọ̀rinrin Abẹ́ Ilẹ̀ Pákó Nínú Àwọn Ilé Àtijọ́ ní Ìlú Ọba

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ní Ìlú Ọba ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ nínú yàrá ìsàlẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ gidi. Pákó ni. Lábẹ́ pákó náà, àlàfo ṣókùnkùn kan wà, tó sábà máa ń jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì, tí ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àyà fà. Ìsàlẹ̀ àlàfo yìí ni erùpẹ̀ wà. Àwọn ilé alásopọ̀ tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sójú títì láyé Ọbabìnrin Victoria àti ọmọ rẹ̀, Edward Keje, ni irú ilẹ̀ yìí pọ̀ sí jù. Àwọn ilé náà ló kún àdúgbò bíi Peckham, Camberwell, Hackney àti Tottenham, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí nílùú London. Ẹnìkan lè gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún kí ó má mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, tàbí pé afẹ́fẹ́ náà ti dáwọ́ fífẹ́ dúró. Èkejì yìí ni wàhálà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ilẹ̀ náà nìyí. Lẹ́yìn tí ògiri ilé bá ti gòkè díẹ̀, bíríkìlà yóò mọ àwọn ògiri kúkúrú sí àárín, yóò sì máa fo àyè sílẹ̀ láàárín bíríkì kan sí èkejì kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá. Wọn a tẹ́ igi pẹlẹbẹ kan sórí ògiri kúkúrú náà, wọn a sì gbé àwọn igi ìdábùú lé e. Igi ìdábùú sábà máa ń ga ní íǹṣì mẹ́rin, kí ó sì fẹ̀ ní íǹṣì méjì. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń kan pákó mọ́. Igi páìnì ni gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o wá láti Norway, Sweden, Rọ́ṣíà àti Kánádà, tí wọ́n sì ń já púpọ̀ nínú rẹ̀ sí èbúté Surrey Docks ní Rotherhithe, tí kò jìnnà sí Peckham rárá. Igi tó dára ni. Èyí tí omi kò bá dé ara rẹ̀ ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá, ìṣó ṣì ń ṣòro láti wọ ara rẹ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá, kò sí bíríkìlà tí yóò fi irú igi bẹ́ẹ̀ sí ìtòsí erùpẹ̀ báyìí. Ikán yóò ti jẹ ẹ́ tán kí onílé tó kó ẹrù wọlé. Pákó tó wà nínú àwọn ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Èkó àti Ìbàdàn, òkè ló wà. Ikán kì í ṣe ìṣòro Ìlú Ọba. Ọ̀tá tiwọn ni ọ̀rinrin, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, òjò winniwinni kì í jìnnà, oòrùn tí ì bá sì gbẹ nǹkan kò lágbára fún nǹkan bí ìdajì ọdún. Gbígbé pákó kúrò lára erùpẹ̀ ni ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i. Lẹ́yìn òfin ìlera àwùjọ ọdún 1875, àwọn ìgbìmọ̀ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ pé kí gbogbo ògiri tuntun ní ìpele ìdènà omi: òkúta pẹlẹbẹ, ọ̀dà dúdú, tàbí bíríkì líle tí kì í mu omi, tí wọ́n tẹ́ já gbogbo fífẹ̀ ògiri kí omi inú ilẹ̀ má bàa gun òkè. Ilé tó ṣáájú ìgbà yẹn lè má ní in rárá.

Ìpele yẹn ń dá omi dúró nínú ògiri, ṣùgbọ́n kò lè ṣe nǹkan kan sí èyí tó ń jáde láti ara erùpẹ̀. Erùpẹ̀ inú àlàfo ń tú omi sínú afẹ́fẹ́ lọ́sàn-án àti lóru, yálà òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. Bí afẹ́fẹ́ náà bá dúró lójú kan, omi yóò kún inú rẹ̀, igi yóò sì máa fà á mu. Bí ó bá ń lọ, yóò gbé omi náà jáde. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi bíríkì oníhò sí ìsàlẹ̀ ògiri níwájú ilé àti lẹ́yìn ilé. Nígbà tí ẹ̀fúùfù bá ń fẹ́ lu iwájú ilé, yóò ti afẹ́fẹ́ wọ inú àlàfo. Ẹ̀yìn ilé, níbi tí ẹ̀fúùfù kò dojú kọ, yóò máa fà á jáde. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí iná mànàmáná. Ohun tí ó gbà kò ju kí ihò là ní ìhà méjèèjì, kí ọ̀nà àárín sì ṣófo. Bíríkì oníhò tó wà ní ìhà kan ṣoṣo kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò, bó ti wù kí ihò rẹ̀ pọ̀ tó.

Afẹ́fẹ́ yìí kì í gbẹ nǹkan bákan náà jálẹ̀ ọdún. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ ìta kì í ní omi púpọ̀ nínú, ó sì máa ń gbẹ abẹ́ ilẹ̀ dáadáa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, afẹ́fẹ́ a móoru, omi a sì pọ̀ nínú rẹ̀; bí ó bá wọ inú àlàfo tó tutù, omi díẹ̀ lè sẹ̀ sára páìpù àti igi. Àwọn kan fi èyí ṣe ẹ̀rí pé kí wọ́n dí bíríkì oníhò pa. Ẹ̀rí náà kò dúró. Igi tó mu omi díẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn lè gbẹ padà nígbà òtútù, bí ọ̀nà bá là. Èyí tó ń ba igi jẹ́ ni omi tí kì í lọ.

Ènìyàn ló sábà máa ń dí ọ̀nà náà, òtútù ló sì ń rán wọn níṣẹ́. Ẹni tó jókòó nínú pálọ̀ lóṣù Kìíní, tí atẹ́gùn ń gba àárín pákó wọlé fẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀, yóò jáde lọ wo ara ògiri, yóò rí bíríkì oníhò, yóò sì ki àkísà bọ̀ ọ́. Òtútù a dín kù lóòótọ́, kò sì sí ohun tí yóò sọ fún un pé nǹkan kan ti bàjẹ́ títí ọdún mélòó kan yóò fi kọjá. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn dí nǹkan kan. Ẹni tó rẹ́ ara ògiri ti rẹ́ bíríkì oníhò pọ̀ mọ́ ọn. Ewé rírà àti òwú aláǹtakùn ti kún inú rẹ̀. Àwọn ojú ihò onírin àtijọ́, tí wọ́n ṣe òdòdó sí lára, rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n ihò wọn kéré, ọ̀dà tí wọ́n kùn sí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún sì tó láti pa á dé.

Ilẹ̀ ìta náà máa ń ga sí i. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé náà, bíríkì oníhò ga ju ilẹ̀ ìta lọ. Lẹ́yìn náà onílé kan sọ ọgbà iwájú di ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó da kọ́ńkéré lé e. Nígbà tó ṣe, ẹni tó ra ilé lọ́wọ́ rẹ̀ to òkúta sórí kọ́ńkéré náà. Bí ilẹ̀ ṣe ń gòkè ló ń sún mọ́ ìpele ìdènà omi, ó sì lè bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà náà, omi òjò yóò máa wọ ara ògiri lókè ibi tó yẹ kí ó ti dúró, bíríkì oníhò yóò sì di ọ̀nà tí àgbàrá ń gbà wọ abẹ́ ilé. Ìlànà ìkọ́lé England ní kí ilẹ̀ ìta fi mìlímítà 150, bí íǹṣì mẹ́fà, rẹlẹ̀ sí ìpele yẹn ó kéré tán. Lójú títì tí ọjọ́ ti pẹ́ lórí rẹ̀, ilé tó ṣì rí bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́.

Èyí tó burú jù ni yàrá tí wọ́n fi kún ẹ̀yìn ilé. Ilé ìdáná tuntun ló sábà máa ń jẹ́, kọ́ńkéré gidi sì ni ilẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe da kọ́ńkéré náà ni ó di gbogbo bíríkì oníhò ẹ̀yìn ilé pa lẹ́ẹ̀kan náà. Iwájú ṣì là. Onílé ń rí i, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí kò rí ọ̀nà jáde kì í wọlé. Akọ́lé tó mọṣẹ́ a máa gba páìpù sábẹ́ kọ́ńkéré tuntun, láti inú àlàfo àtijọ́ dé ara ògiri ìta tuntun. Ìlànà ní kí ìbú páìpù bẹ́ẹ̀ má dín ní mìlímítà 100. Páìpù ike lásán ni, owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilé ìdáná, kò sì ní pẹ́ ṣe kí wọ́n tó da kọ́ńkéré. Lẹ́yìn tí kọ́ńkéré bá ti gan, ọ̀rọ̀ di ti fífọ́ ilẹ̀, ọ̀pọ̀ onílé á sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sanwó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìbéèrè ibi tí afẹ́fẹ́ abẹ́ ilẹ̀ àtijọ́ yóò gbà jáde.

Omi mìíràn tún wà tí kì í ṣe ti erùpẹ̀. Gọ́tà òrùlé a jò, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ a sì máa dà sójú kan lára ògiri láti ọdún dé ọdún. Páìpù òjé àtijọ́ a máa kán lábẹ́ pákó láìsí ẹni tó mọ̀. Páìpù amọ̀ tó ń kó omi ìdọ̀tí lọ lábẹ́ ilé a sán. Ẹ̀rọ ìfọṣọ a máa jò díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn, níbi tí ojú kò tó. Atẹ́gùn kankan kò lè gbẹ páìpù tó ń kán, nítorí náà orísun omi ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá kí wọ́n tó dé orí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Níbi tí mítà omi bá wà, ẹ̀rí kan wà tó rọrùn: kí wọ́n ka nọ́ńbà rẹ̀ lóru nígbà tí gbogbo ilé bá fẹ́ sùn, kí wọ́n sì tún un kà láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi. Bí nọ́ńbà bá ti yí padà, omi ń lọ síbì kan.

Igi tí omi inú rẹ̀ kò bá tó ìdá 20 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ ní gbígbẹ kì í rà. Nọ́ńbà yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dá lé. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ní abẹ́rẹ́ méjì lẹ́nu, tí wọ́n ń tẹ̀ bọ ara igi, tí yóò sì fi ìdá náà hàn. Bí ó bá ti kọjá 20, ewu ti ń bọ̀. Bí ó bá ti tó 30, olú tí ń jẹ igi ti lè hù.

Àwọn oníṣẹ́ pín irú olú bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Ti àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní jíjẹrà tútù, kì í kúrò níbi tí omi wà. Coniophora puteana ló wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀. Igi tó bá mú a dúdú, a rọ̀, a sì sán ní òró. Bí omi bá ti dáwọ́ dúró, olú náà kú, iṣẹ́ kò sì ju kí wọ́n pààrọ̀ igi tó ti bàjẹ́ lọ.

Ti èkejì ló ń dẹ́rù ba onílé. Jíjẹrà gbígbẹ ni wọ́n ń pè é, Serpula lacrymans sì ni orúkọ olú tó ń fà á. Kì í ṣe pé kò fẹ́ omi. Láìsí omi kò lè bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fìdí múlẹ̀, a máa ta okùn aláwọ̀ eérú láti ibi tó rin, a máa gba ojú bíríkì kọjá, a máa gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n rẹ́ lára ògiri, títí yóò fi kan igi mìíràn, omi tí yóò sì fi jẹ ẹ́ ni ó ń fà bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ibi tó ṣókùnkùn, tí afẹ́fẹ́ kò ti rìn, tí kò gbóná tí kò sì tutù jù, ni ó fẹ́ràn. Nǹkan bí ìwọ̀n 20 Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì dára fún un, ooru tó bá ju 26 lọ a sì dá a dúró. Igi tó bá jẹ tán a fẹ́rẹ̀ láìníwúwo, a sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ bíi ṣúgà onígun. Nígbà tó bá fẹ́ so, a yọ awẹ́ pẹlẹbẹ kan tí etí rẹ̀ funfun, tí àárín rẹ̀ pọ́n bí irin tó dípẹtà, ibẹ̀ ló sì ti ń tú ẹ̀tù pupa jáde. Ní ilé púpọ̀, ẹ̀tù yìí ni àmì àkọ́kọ́ tí wọ́n rí: eruku pupa lórí tábìlì, tí wọ́n nù lánàá, tó tún wà níbẹ̀ lónìí.

Yàtọ̀ sí olú, kòkòrò tí ń jẹ igi tún wà. Anobium punctatum ni èyí tó wọ́pọ̀, ihò tó ń lu jáde kò ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ ní ìbú. Ọmọ rẹ̀ lè lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún nínú igi kí ó tó jáde. Igi tó rin díẹ̀ ni ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, nítorí náà ohun tó bá gbẹ abẹ́ ilẹ̀ a máa bá kòkòrò náà jà. Ihò àtijọ́ tí ìyẹ̀fun kò jáde nínú rẹ̀ mọ́ kò yẹ kó kó ìpayà bá ẹnikẹ́ni.

Láti inú yàrá, àwọn àmì kì í pariwo. Òórùn kan a wà, pàápàá láàárọ̀ tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ sùn, bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tán. Pákó a máa mì, ife inú kọ́bọ́ọ̀dù a máa dún bí ẹnìkan bá ń kọjá. Àyè a là láàárín ilẹ̀ àti pákó tó wà létí ògiri, nítorí pé igi ìdábùú ti rọ̀ sílẹ̀ ní ìdí. Ṣùgbọ́n àmì tó dájú wà nísàlẹ̀, kò sì sí ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n ju kí wọ́n ṣí pákó kan lọ.

Ibi tó yẹ kí wọ́n ti ṣí i ni ìdí ògiri ìta, abẹ́ fèrèsé tó yọ síta, tàbí igun tó jìnnà jù sí bíríkì oníhò, nítorí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kì í dé. Kí wọ́n tó gbé ayùn tàbí irin, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wáyà iná àti páìpù gáàsì gbà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wà lábẹ́ pákó gan-an. Nínú ilé àtijọ́, ohun tí wọ́n fi wé páìpù lè ní asbestos nínú. Ẹni tó bá rí irú rẹ̀ tó ti fọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kí ó pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ibi tó gbẹ kì í ṣòro láti mọ̀. Nínú ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, eruku á funfun, igi á ní àwọ̀ oyin tó ti gbó, ìṣó á ṣì ní ojú irin, òwú aláǹtakùn á sì máa mì nínú atẹ́gùn. Bí òwú náà bá dúró gbọin, afẹ́fẹ́ kò rìn nìyẹn. Níbi tó rin, ìṣó á ti dípẹtà, abẹ́ pákó á ní ẹ̀kán omi kéékèèké tó sẹ̀ sí i, òwú funfun olú á sì ti máa rá kiri lẹ́nu igi. Ìdọ̀tí tí àwọn akọ́lé fi sílẹ̀ náà á wà níbẹ̀: bíríkì àbọ̀, sìmẹ́ǹtì tó ti gan, ègé pákó, tí wọ́n kó jọ débi tó fi kan igi ìdábùú tí ó sì ń kó omi erùpẹ̀ fún un.

Ojú lè tan ni jẹ níbi kan. Ẹnu igi ìdábùú tó wọ inú ògiri ìta ló kọ́kọ́ ń rà, ibẹ̀ náà sì ni kò hàn. Láti iwájú, igi náà lè le koko. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á fi sùkúrùdíráfà gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tó ti ń wọ ògiri: igi tó dára á kọ̀ ọ́, irin kò ní wọlé ju díẹ̀ lọ. Èyí tó ti rà á gbà á wọlé láìjà, bí wọ́n bá sì yí irin náà, ègé igi á jáde ní gígé kúkúrú tí kò ní fọ́nrán. Gbogbo ẹnu igi tó wà lójú ògiri kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ gún bẹ́ẹ̀, nítorí omi tó mú ọ̀kan kì í sábà fi ìkejì sílẹ̀.

Àtúnṣe ní bó ṣe ń tò tẹ̀lé ara wọn, ẹni tó bá sì fi ìkẹyìn ṣáájú yóò tún un ṣe. Omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá dúró: páìpù, gọ́tà, ilẹ̀ ìta tó ga. Bí kò bá ṣeé ṣe láti gbẹ́ gbogbo ilẹ̀ ìta kúrò, wọ́n lè gbẹ́ kòtò tóóró kan sídìí ògiri, kí wọ́n sì da òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á kó ìdọ̀tí kúrò nínú àlàfo. Iṣẹ́ tí káfíńtà kì í fẹ́ràn ni, àpò kan lẹ́yìn òmíràn, lórí ìkùn, nínú eruku. Ó sì wà lára èyí tó wúlò jù.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ló kàn. Ìlànà ìkọ́lé England fún ilé tuntun wúlò láti fi wọn ilé àtijọ́: fún mítà kọ̀ọ̀kan ògiri ìta, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà gbọ́dọ̀ tó mìlímítà 1,500 ní ojú ìwọ̀n onígun mẹ́rin, tàbí 500 fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ilẹ̀; èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni wọ́n á lò. Nínú ilé alásopọ̀ kan tó fẹ̀ ní mítà márùn-ún, tó gùn ní mítà mẹ́jọ, iwájú àti ẹ̀yìn nìkan ló kan ìta, mítà mẹ́wàá. Ti ògiri jẹ́ 15,000. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 40, ti ilẹ̀ sì jẹ́ 20,000, òun ni wọ́n á mú. Bíríkì oníhò ike òde òní, tó tóbi tó bíríkì kan, a máa gba nǹkan bí 6,000, nítorí náà mẹ́rin tó: méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Ti amọ̀ àtijọ́ kò gba tó bẹ́ẹ̀ rárá, èyí sì ni ó fà á tí ilé tí gbogbo ihò rẹ̀ là fi lè rin síbẹ̀. Ojú ihò náà gbọ́dọ̀ kéré débi tí eku kò fi ní lè wọlé.

Níbi tí ilẹ̀ ìta bá ti ga ju abẹ́ pákó lọ, wọ́n ń ta àpótí ike kan tí wọ́n lè fà gùn: ẹnu rẹ̀ kan á wà lókè ilẹ̀ ìta, èkejì á rẹlẹ̀ sínú àlàfo. Afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ràn kọ̀rọ̀, nítorí náà èyí kì í ṣiṣẹ́ tó ihò tó lọ tààrà, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí àgbàrá máa wọlé lọ. Fáànù oníná wà fún ibi tí ọ̀nà ẹ̀yìn ti dí pátápátá. Á máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, bí ó bá sì bàjẹ́ ẹnikẹ́ni kì í mọ̀; ó yẹ kó jẹ́ ohun ìkẹyìn.

Títẹ́ ọ̀rá líle sórí erùpẹ̀ inú àlàfo tún ń ṣèrànwọ́. Èyí tí ìlànà mọ̀ kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ ju 1200 gauge lọ, wọn a sì da kọ́ńkéré tó nípọn tó mìlímítà 50 lé e nínú ilé tuntun. Nínú ilé àtijọ́, ọ̀rá nìkan ni ọ̀pọ̀ ń tẹ́, kí etí kan gun èkejì dáadáa. Kò rọ́pò afẹ́fẹ́ o. Omi tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ lè máa wá ọ̀nà gba ara ògiri, níbi tí ìpele ìdènà kò sí.

Igi tó bàjẹ́ ni wọ́n á wá gé. Fún jíjẹrà tútù, wọ́n á gé e dé ibi tó le, kí wọ́n sì fi díẹ̀ kún un. Fún jíjẹrà gbígbẹ, àṣà àtijọ́ ni kí wọ́n gé e kọjá ibi tí àmì ti parí dé nǹkan bí mítà kan, kí wọ́n sì wo ẹ̀yìn ibi tí wọ́n rẹ́. Igi tuntun tí wọ́n ti fi oògùn sí lára ni wọ́n ń fi bóòtù dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ èyí tó kù. Ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ tún kan bíríkì tó rin: wọ́n á fi ọ̀rá ìdènà omi sábẹ́ rẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé e lé ìkọ́ irin tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri. Fífín oògùn sí gbogbo abẹ́ ilé kò pọn dandan bí igi bá ti gbẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àwọn tó ń tà á máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Sùúrù wúlò jù ú lọ. Àwọn oníṣẹ́ ka ìgbẹ ògiri sí nǹkan bí íǹṣì kan lóṣù kan, ògiri bíríkì onííǹṣì mẹ́sàn-án kò sì ní gbẹ tán kí ó tó di oṣù mẹ́sàn-án.

Òtútù tó mú kí wọ́n dí ihò náà ní ìdáhùn tirẹ̀. Àárín pákó àti etí ògiri nínú yàrá ni ó yẹ kí wọ́n dí, kì í ṣe ara ògiri ìta. Wọ́n sì lè ki òwú òkúta, èyí tó dà bí irun àgùntàn, sí àárín igi ìdábùú, kí wọ́n fi àwọ̀n gbé e ró, kí afẹ́fẹ́ lè máa rìn lábẹ́ rẹ̀. Bí yàrá bá wá lọ́wọ́ọ́wọ́ báyìí, àlàfo á túbọ̀ tutù, omi á sì túbọ̀ rọrùn láti sẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá fi òwú sí i gbọ́dọ̀ rí i pé bíríkì oníhò rẹ̀ pé kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Fóòmù tí wọ́n ń fín mọ́ abẹ́ pákó kò dára fún irú ilé yìí: ó ń wé igi mọ́ omi inú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè rí igi náà mọ́. Bákan náà ni rọ́bà tí wọ́n tẹ́ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù sórí pákó. Ọ̀rinrin tó ń gòkè a dúró sábẹ́ rẹ̀, pákó a sì rà láti òkè wá.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń yẹ ilé wò lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì sábà máa ń sọ pé àfi kí wọ́n gún ògiri kí wọ́n sì da oògùn sí i. Ẹni tó ń ta oògùn ló ń sọ pé àìsàn wà. Ó sàn kí onílé sanwó fún ẹni tí kò ní nǹkan kan láti tà. Ayálégbé kò gbọdọ̀ ṣe èyíkéyìí nínú iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀: ní England, òfin onílé àti ayálégbé ti ọdún 1985 fi àtúnṣe ara ilé sọ́rùn lánlọ́ọ̀dù, òfin ọdún 2018 tún fi kún un pé kí ilé yẹ fún ènìyàn láti gbé, ó sì ka ọ̀rinrin mọ́ ohun tí wọ́n á gbé yẹ̀ wò. Ìwé ni kí ayálégbé fi sọ fún lánlọ́ọ̀dù, pẹ̀lú fọ́tò àti ọjọ́.

Nígbà tí wọ́n bá ń dá pákó padà, ó dára kí wọ́n fi sùkúrù de ègé kan nínú rẹ̀ dípò ìṣó, létí ògiri ìta, níbi tí wọn kò ní gbé àga wúwo sí. Ibẹ̀ ni wọ́n á máa gbà fi abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún igi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti èṣí.